Adágún yìí dára, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ògiri rẹ̀

Ààmì mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún ibi ìgbafẹ́ yìí. Ká ní omi, atẹ́gùn àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni mo ń wọ̀n ni, n bá fún un ní márùn-ún láìrojọ́. Ṣùgbọ́n omi tí gbogbo wa ń pè ní adágún yìí kì í ṣe adágún tí Ọlọ́run dá síbẹ̀. Èèyàn ló kó erùpẹ̀ jọ, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tó fi dí ẹnu àfonífojì, tí odò kékeré kan kò fi rí ọ̀nà kọjá mọ́, tó sì kún. Dáàmù ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí gbọ́dọ̀ sọ bí ògiri náà ṣe rí, torí òun ló gbé gbogbo ìgbádùn yẹn dúró.

Kí ẹ lè mọ ojú tí mo fi ń wò ó: iṣẹ́ omi ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú dáàmù. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Èmi ni mo ń rìn lórí ògiri láràárọ̀, tí mo ń kọ bí omi ṣe ga tó sínú ìwé, tí mo ń wọn omi tó ń sun lẹ́yìn rẹ̀, tí mo sì ń pe àwọn ẹnjiníà bí nǹkan bá yí padà. Iṣẹ́ náà ti mọ́ mi lára. Ibikíbi tí mo bá ti rí omi tí wọ́n dí, ẹ̀yìn ògiri lẹsẹ̀ mi máa ń kọ́kọ́ gbà lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti etí omi, níbi tí gbogbo èèyàn ń lọ. Omi náà mọ́. Níbi tó bá kan orúnkún, ẹ ó máa rí òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀. Igi ṣíji bo òdìkejì, lékeléke máa ń bà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì sí ariwo ẹ́ńjìnnì kankan, àjẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Ìpinnu tó dára gan-an nìyẹn, nítorí ìgbì tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń dá sílẹ̀ máa ń gbá ògiri erùpẹ̀ léraléra títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi máa ya díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀wù tó ń múni léfòó wà fún àgbà, ó wà fún ọmọdé, okùn rẹ̀ kò sì já. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ láìwọ̀ ọ́. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ bọ́ tiẹ̀ láàárín omi nítorí ooru. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ dáwọ́ àjẹ̀ dúró, ó ní, "Ọ̀gá mi kékeré, wọ̀ ọ́ padà ká tó lọ," kò sì fi àjẹ̀ kan omi títí ọmọ náà fi di okùn rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tá a gúnlẹ̀, mo sì tún ń dúpẹ́ níbí.

Àga wà, ibi ìjókòó mọ́, ilé ìyàgbẹ́ jìnnà sómi. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Ibi ìlúwẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí àwọn òbí fara balẹ̀. Wọ́n na okùn tó ní bọ́ọ̀lù pupa lára yí ibi tí kò jìn ká, ẹnì kan sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kọjá okùn náà bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Ilẹ̀ abẹ́ omi tí wọ́n fi dáàmù dí kì í dọ́gba. Ojú ibi tí odò ti ń ṣàn kí wọ́n tó dí i ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, bèbè rẹ̀ sì gẹ̀rẹ́ bó ti gẹ̀rẹ́ látijọ́. Ọmọdé lè máa rìn nínú omi tó mu ún dé ìbàdí, kó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, kí omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Omi òkè máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí oòrùn bá mú, ti ìsàlẹ̀ á sì tutù débi pé ó lè gba èémí lẹ́nu ẹni tó bá ṣàdédé bọ́ sínú rẹ̀.

Ewu kan tún wà tí ojú kì í rí. Nítòsí ògiri, ilé kékeré kan wà tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ sínú omi. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu páìpù wà, èyí tí wọ́n lè ṣí láti dín omi kù. Bí wọ́n bá ṣí i, ojú omi lókè ò ní mi, kò ní yí bìrí, àmọ́ agbára tí omi fi ń wọnú páìpù náà lè fa àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tí kò fi ní lè kúrò. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ilé náà ti ṣá débi pé mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó rí i kà. Ìkìlọ̀ tó jẹ́ pé inú ewu lèèyàn á dúró sí kó tó lè kà á kò tíì ṣiṣẹ́. Kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà tuntun, kí wọ́n sì na okùn bọ́ọ̀lù pupa yí ilé náà ká pẹ̀lú.

Nígbà tí a lọ, kò sí ohun àwọ̀ ewé lójú omi. Bí ẹ bá lọ, tí ẹ rí i pé ojú omi dà bí ẹni pé ọ̀dà àwọ̀ ewé dà sí i, pàápàá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ oòrùn tí atẹ́gùn ò fẹ́, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Ohun alààyè kan tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i níkọ̀ọ̀kan ló máa ń pọ̀ báyẹn, májèlé sì lè wà nínú rẹ̀. Ajá tó bá lá a lè kú. Nílẹ̀ olóoru, omi tó dúró sójú kan, tí koríko àti ìgbín omi pọ̀ létí rẹ̀, lè fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Etí omi ibí yìí ò ní koríko níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, wọ́n ń ro ó dáadáa.

Ó wá ku ògiri.

Mo fojú wọ̀n ọ́n pé ó ga tó nǹkan bíi mítà 8. Àwọn oníṣẹ́ dáàmù lágbàáyé ka dáàmù sí ńlá bó bá ga tó mítà 15 láti ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kékeré leléyìí. Ọ̀rọ̀ "kékeré" yẹn ló sì ń kó àwọn dáàmù báyìí sí wàhálà, torí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kúbíìkì mítà omi kan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Adágún tó bá fẹ̀ tó hẹ́kítà 2, tí jíjìn rẹ̀ bá jẹ́ mítà 3 bí a bá pín in dọ́gba, ti gba kúbíìkì mítà 60,000, ìyẹn tọ́ọ̀nù omi 60,000 tó fara ti òkìtì erùpẹ̀ tọ̀sántòru. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí irú omi báyìí lọ́dún 1975 bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó bá lè gba ju kúbíìkì mítà 25,000 lọ. Wọ́n mọ̀ pé kò dìgbà tí dáàmù bá ga kó tó lè pààyàn.

Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sómi wù mí. Wọ́n to òkúta sí i láti orí dé abẹ́ omi, òkúta náà sì dì mọ́ra. Wọ́n tún fi òkúta ńlá dí ọ̀nà kí mọ́tò má baà gun orí ògiri, torí ojú táyà á gbẹ́ kòtò tí omi òjò á máa dúró sí. Àmọ́ nígbà tí mo dúró ní igun kan, tí mo tẹ̀ ba, tí mo wo orí ògiri láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, mo rí i pé àárín rẹ̀ tẹ̀ wọlé díẹ̀. Bóyá ó ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ díẹ̀. Erùpẹ̀ máa ń jókòó bí ọdún ti ń gorí ọdún, àárín sì ni ibi tí ó ga jù, òun ló máa ń jókòó jù. Ibi tó bá rẹlẹ̀ ni omi á kọ́kọ́ gbà kọjá, gbogbo rẹ̀ á sì rọ́ gba ojú kan yẹn. Ògiri erùpẹ̀ kì í fara da omi tó bá ń ṣàn gba orí rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Àtúnṣe èyí kò le: kí wọ́n bu amọ̀ sí i, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbin koríko.

Ní ẹ̀yìn ògiri, koríko apá ọ̀tún kúrú, ó tò, ojú lè rí gbogbo ilẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n apá òsì ti di igbó, igi tó nípọn ju itan mi lọ sì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àlejò fẹ́ràn ibòji igi wọ̀nyẹn, mo rí àwọn tó tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀. Gbòǹgbò igi ń wá omi, ó sì mọ ibi tómi wà. Ó ń wọnú ògiri lọ. Ọjọ́ tí igi náà bá kú, gbòǹgbò á jẹrà, ihò á sì wà láti ẹ̀yìn ògiri lọ sínú. Ọjọ́ tí ìjì bá sì wó o, á hú erùpẹ̀ ògiri dání. Nínú igbó kan náà ni mo ti rí ẹnu ihò ẹranko tó ń gbẹ́lẹ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mi ò lè mọ bó ṣe jìn tó, koríko ò jẹ́. Kí wọ́n má sì tìtorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí sáré lọ hú àwọn igi ńlá náà o. Fífà gbòǹgbò tó nípọn tu nígbà tí adágún kún lè burú ju fífi í sílẹ̀ lọ. Kí wọ́n gé èyí tó ṣì kéré báyìí, kí wọ́n pe ẹnjiníà fún àwọn tó ti dàgbà.

Òru ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1977, lẹ́yìn òjò ńlá, dáàmù Kelly Barnes ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà já, omi sì ya bo ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì Toccoa Falls tó wà nísàlẹ̀. Èèyàn 39 ló bá a lọ. Dáàmù yẹn ò ga ju mítà 12 tàbí 13 lọ. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ṣe nígbà kan, lẹ́yìn náà ó kù fún ìgbafẹ́ nìkan. Àwọn tó ṣèwádìí kò lè na ìka sí ohun kan ṣoṣo: ẹ̀yìn ògiri dá gọnbu jù, omi ń gbẹ́nú rẹ̀, igi hù sí i lára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ààrẹ Jimmy Carter, tó jẹ́ ọmọ Georgia fúnra rẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò àwọn dáàmù tí kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ tó wà lókè ibi téèyàn ń gbé.

Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ẹsẹ̀ ògiri ti kan ilẹ̀, mo rí ojú ilẹ̀ kan tó rọ̀, tí koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ti àyíká rẹ̀ ti pọ́n. Omi ń sun níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jáyà: kò sí ògiri erùpẹ̀ tí omi kì í sun láti inú rẹ̀. Ohun tí a ń bi í ni pé ṣé ó mọ́, àti pé ṣé ó ń pọ̀ sí i. Mo bu ú sínú ìgò funfun, mo gbé e sójú oòrùn, mo jẹ́ kó silẹ̀. Ó mọ́ gaara, kò sí ohun tó wà nísàlẹ̀ ìgò. Ó dára. Omi tó bá dọ̀tí ni ìròyìn búburú, torí ara ògiri ló ń gbé jáde bọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1976, wọ́n rí omi pípọ́n tó ń sun lára dáàmù Teton ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, láàárọ̀. Wọ́n gbé katapílà lọ láti dí ihò náà, ihò gbé katapílà mì. Kó tó di ọ̀sán gangan, ògiri tó ga ju mítà 90 lọ ti ya. Wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ojú omi kékeré síbẹ̀, kí wọ́n fi pátákó tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ní ṣóńṣó dí i, kí ẹnì kan sì máa wọn gíga omi tó ń gba ẹnu yẹn kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti bí òjò ṣe rọ̀. Ìwé yẹn ló máa sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá yí padà, kí ojú tó rí i.

Igbó apá òsì ògiri ti yọ ààmì kan, mo wá dé ibi tó jẹ́ kí n yọ ìkejì. Gbogbo dáàmù ló ní ojú kan tí omi á gbà jáde nígbà tó bá kún jù, kó má baà gun orí ògiri. Ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀ ni àwa ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Ti ibí yìí wà lápá òsì, kọnkéré ni, ó fẹ̀ dáadáa, ẹni tó kọ́ ọ mọ iṣẹ́. Àmọ́ wọ́n ti na àwọ̀n wáyà sí i láti ìgbátí dé ìgbátí. Ewé, ẹ̀ka igi, ike àti bọ́ọ̀lù ọmọdé kan ti há sí i lára, ó sì ti dí ju ìdajì lọ.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ léèrè. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi kó tó dáhùn.

"Ẹja ni, mà. Bí omi bá kún, ẹja ń bá a lọ, àwọn tó ń wá fi ìwọ̀ pẹja á sì máa bínú."

"Ta ló ń kó ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Bí àyè bá wà."

"Bí òjò bá ń rọ̀ lóru ńkọ́?"

Ó wo àwọ̀n náà, ó wo mí. "Mà, lóru, kò séèyàn níbí."

Ìdáhùn gidi ló fún mi, mi ò sì dá a lẹ́bi. Òjò tó máa ń kún dáàmù kì í bèèrè àsìkò iṣẹ́. Àgbàrá tó bá gbé omi wá náà ló ń gbé ewé àti ẹ̀ka wá, nítorí náà ìgbà tí ẹnu náà bá yẹ kó ṣí jù lọ ni àwọ̀n á dí jù lọ. Ohun tó sì mú mi dúró síbẹ̀ pẹ́ ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ níbí. Ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ kan tí Andrew Carnegie àti Henry Clay Frick wà nínú rẹ̀ ra dáàmù erùpẹ̀ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ South Fork láti máa fi gbafẹ́. Wọ́n gé orí ògiri rẹ̀ wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin lè ráyè kọjá lórí rẹ̀. Páìpù ìsàlẹ̀ tí wọ́n ì bá fi dín omi kù, ẹni tó ní in ṣáájú wọn ti yọ ọ́ tà, wọn kò sì fi òmíràn síbẹ̀. Wọ́n wá na àwọ̀n irin sí ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀ kí ẹja tí wọ́n kó síbẹ̀ má baà sá lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1889, òjò rọ̀, àwọ̀n dí, omi gun orí ògiri, ògiri lọ. Ìlú Johnstown wà nísàlẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 22. Èèyàn tó lé ní 2,200 ló kú.

Orí ògiri tó rẹlẹ̀ láàárín, àwọ̀n ẹja lẹ́nu àkúnwọ́sílẹ̀. Méjèèjì ni mo rí lọ́jọ́ kan náà níbí. Ìkẹta ni páìpù ìsàlẹ̀, mo sì béèrè ìgbà tí wọ́n ṣí i kẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ò tíì rí i kí wọ́n ṣí i rí látìgbà tí òun ti dé. Ìpata ti bo ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá tú u, kó yí i díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n má sì fi ìbínú fa omi náà sílẹ̀ lójijì, torí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó ti mumi yó lè rọ́ sínú adágún bí omi tó ń tì í láti iwájú bá yára kúrò.

Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ògiri gan-an, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Mo mọ ìdí rẹ̀: ibẹ̀ nìkan ló tẹ́jú. Síbẹ̀, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn ilé kan sì ti wà lẹ́bàá odò náà ní ìsàlẹ̀ tí kò dà bíi pé wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ dáàmù, torí wọ́n tuntun. Dáàmù tó jẹ́ pé oko ló lè bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ti wá di èyí tó lè pa ìdílé, láìjẹ́ pé ògiri rẹ̀ yí padà. Kò sí nọ́ńbà tẹlifóònù kankan níbikíbi tí àwọn ará ilé wọ̀nyẹn lè pè, kò sí ohun tí wọ́n lè fi ta wọ́n lólobó.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ní kí n tún ọ̀rọ̀ àwọ̀n náà sọ. Mo ní bí ẹja bá ṣe pàtàkì, kí wọ́n gbé ìdènà náà sínú adágún, jìnnà sí ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí ó sì lè já fúnra rẹ̀ bí omi bá fi agbára tì í. Èyí tó sàn jù ni kí wọ́n jẹ́ kí ẹja tó bá fẹ́ lọ máa lọ.

Ẹ lọ o, mo fẹ́ kí ẹ lọ. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbé mọ́tò yín sí ẹ̀gbẹ́ òkè, lẹ́bàá ẹnubodè, ẹ fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀. Kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù ní etí adágún lókè, kì í ṣe lẹ́yìn ògiri. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ẹ sún ìrìn náà síwájú. Bí ẹ bá rí omi tó dọ̀tí tó ń yọ lára ògiri, tàbí tí ilẹ̀ orí rẹ̀ ya, ẹ má dúró yàwòrán. Ẹ gun ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ má sá tẹ̀lé ojú odò, ẹ ké sí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ẹ sì pe àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀.

Obìnrin náà sọ fún mi pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn máa yọ àwọ̀n náà. Mo máa padà lọ wò ó. Bí ẹnu náà bá ti ṣí, n óò sọ ààmì mẹ́ta di mẹ́rin. Ìkarùn-ún ń dúró de apá òsì ògiri.